Òkè-Yanrìn àti Ọkọ́ Àkọ́kọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo ni mo ti kọ́kọ́ mọ òkun, Karmo ni mo máa ń dá a lóhùn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, torí ta ni kò mọ̀ pé Àbújá ò ní òkun, kò ní ọ̀sà, àfi òkúta àti eruku pupa. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo ń sọ. Nínú ọgbà ilé tí a gbé ní Karmo, láàárín ògiri ilé ìdáná àti ibi tí ìyàwó onílé ń sá aṣọ sí, ni mo ti kọ́ bí ìlú kan tó ń jẹ́ Òkè-Yanrìn ṣe rí, kí n tó fi ojú kàn án. Ìyá tó bí bàbá mi ló kọ́ mi. Lọ́dún tó wá gbé lọ́dọ̀ wa, mo ti tó ọmọ tó ń fọ abọ́, tó sì ń gbá ọgbà kó tó lọ sílé ìwé, àmọ́ mi ò tíì gbọ́n tó láti mọ̀ pé ìlú odindi lè parẹ́ nígbà tí ènìyàn ṣì ń kọ́ orúkọ àwọn àdúgbò rẹ̀. Jahi ni mo ń gbé báyìí, nínú ilé tó ní ẹ̀rọ omi nínú ilé ìdáná. Bí mo bá ń fọ abọ́, mo ṣì máa ń pe àwọn àdúgbò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti etí òkun dé etí ọ̀sà. Ọmọ mi obìnrin gbọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó ní Mọ́mì, irú àdúrà wo lẹ ń gbà yẹn. Mo ní kó lọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀.

Yàrá méjì àti pálọ̀ la ní nínú ilé ọlọ́pọ̀ èrò náà. Bàbá mi jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa kó lè rí ọkọ̀ wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì, oúnjẹ rẹ̀ á sì ti tutù kó tó dé. Màmá mi ń kọ́ni nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìpè mọ́sálásí ló ń jí wa, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀rọ ìlọta, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Idu, tí fèrèsé wa fi ń gbọ̀n. Reluwé Idu kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Inú ariwo yìí ni Ìyá Àgbà gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ wọ̀, pẹ̀lú púpurú, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí wọ́n mọ ní ribiti tí wọ́n sì yan lórí iná, àti ẹní tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Kò tíì jókòó tí òórùn ẹja ti gba gbogbo ọgbà. Ìyàwó onílé fi aṣọ bo imú, ó ní Màmá, ṣé ẹja yìí kò ti kú báyìí. Ìyá Àgbà ní ó ti kú o, ṣé láàyè lẹ̀yin máa ń jẹ tiyín ni. Ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì di ọ̀rẹ́. Nǹkan tó ya Ìyá Àgbà lẹ́nu jù ní Karmo ni pé à ń ra omi. Ọkùnrin Haúsá kan wà tó ń fi ọmọlanke kó kẹ́ẹ̀gì omi kiri, mai ruwa ni gbogbo wa ń pè é. Á dúró lẹ́nu géètì láràárọ̀, á ní, "Sannu, Mama," Ìyá Àgbà á ní, "Yauwa," ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, torí Haúsá kan ṣoṣo tó gbọ́ nìyẹn. Ó máa ń tọ́ omi náà wò kó tó gbà á. Ó ní omi tó bá wà nínú ike, tí ènìyàn ò mọ orísun rẹ̀, òun ò lè fọkàn tán an.

Kò wá torí pé ó wù ú. Òkun ló lé e wá. Wọ́n sọ fún un pé kó wá lo ọyẹ́ kan pẹ̀lú wa títí tí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀, ó sì gbà bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò síbi tó máa sùn sí mọ́. Bí mo bá ti gbálẹ̀ tán láàárọ̀, kò ní jẹ́ kí n kó iyanrìn náà dànù. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ìdí ìgbálẹ̀ fa Òkè-Yanrìn sílẹ̀, erékùṣù tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà, gígùn, tín-ínrín, bí ẹja tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lórí àtẹ. Òkun wà ní ìhà ibi tí mo kọ ẹ̀yìn sí, ọ̀sà wà ní ìhà ilé ìdáná. Àdúgbò tó kọjú sí òkun ń jẹ́ Ojú-Òkun, èyí tó tẹ̀ lé e ni Ìdí-Àgbọn, lẹ́yìn náà Ojú-Kànga, lẹ́yìn náà Ẹ̀yìn-Ọ̀sà, níbi tí àwọn ilé ti dúró lórí òpó nínú omi. Ó ní àwọn tó tẹ ìlú náà dó sá fún ogun wá láti orí ilẹ̀, wọ́n ń wa ọkọ̀ kiri títí tí òùngbẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n láàárín omi tó pọ̀ tó báyẹn. Wọ́n gbẹ́ iyanrìn náà, omi dídùn jáde, bẹ́ẹ̀ omi iyọ̀ ló wà níwájú àti lẹ́yìn. Ibi tí omi dídùn ti jáde ni wọ́n jókòó sí, kànga náà sì ni olúwa ìlú kí ìlú tó ní ọba. Nígbà tí Ìyá Àgbà jẹ́ ìyàwó ilé, àwọn kan wá tí wọ́n ń wá epo lábẹ́ omi, wọ́n gbẹ́ ojú odò kan la iyanrìn náà já láti òkun sí ọ̀sà, kí ọkọ̀ wọn lè rí ọ̀nà gbà. Wọ́n ò rí epo, wọ́n bá tiwọn lọ, ṣùgbọ́n òkun ti rí ọ̀nà. Omi kànga di iyọ̀, ẹja ọ̀sà sá lọ, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya lulẹ̀. Gbogbo èyí ló máa ń sọ fún mi pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń sọ iye iyọ̀ tó yẹ kí ọbẹ̀ gbà, á wá ní kí n pe àwọn àdúgbò náà padà fún òun, mo sì gbọ́dọ̀ pè é kí n tó jẹun.

Ìdí-Àgbọn ni wọ́n sin bàbá bàbá mi sí. Mi ò mọ̀ ọ́n, kó tó di pé wọ́n bí mi ló ti kú. Bí Ìyá Àgbà bá ti dé Ìdí-Àgbọn nínú ìlà tó ń fà, á fi ìka gún ilẹ̀, á ní Bàbá rẹ nìyí, á tún gún ibòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ní èmi nìyí. Wọ́n ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó ní òun ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀ rí lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, láti mọ̀ bóyá ó tó òun, ó sì tó òun dáadáa. Àwọn ará Òkè-Yanrìn ní àṣà kan tí mi ò rí níbòmíràn. Òkun ò fìgbà kan ṣe ọ̀rẹ́ wọn, láti ayé àwọn baba wọn ló ti ń yọ́ jẹ ilẹ̀, bó bá sì ń sún bọ̀, wọ́n á sún ilé wọn sẹ́yìn, wọ́n á sì gbé òkú wọn sẹ́yìn pẹ̀lú. Wọn kì í fi òkú sílẹ̀ fún omi. Àkọ́bí òkú náà ni yóò kọ́kọ́ fi ọkọ́ kanlẹ̀, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè mọ̀ pé ọmọ òun ló ń pe òun, lẹ́yìn náà ẹnikẹ́ni lè gbẹ́ ẹ. Àwọn obìnrin á fi omi òjò fọ eegun náà, wọ́n á tún un sin sí ẹ̀yìn ìlú. Pásítọ̀ wọn pàápàá ń gbàdúrà sí i. Bàbá mi, tó jẹ́ díákónì ní ìjọ wa, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà rárá, ó ní ara lásán ló wà níbẹ̀, ẹ̀mí ti lọ. Ìyá Àgbà ní òun náà ń ka Bíbélì, òun ò tíì rí ibi tí Ọlọ́run ti sọ pé ká fi bàbá ẹni bọ́ ẹja. Bàbá mi ni àkọ́bí.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ìròyìn máa ń wọlé. Bọ̀dá Lúwà, ọmọ àbúrò bàbá bàbá mi, tó ṣì ń pẹja níbẹ̀, á wa ọkọ̀ lọ síbi tí nẹ́tíwọ̀kì wà, á pe fóònù bàbá mi lẹ́yìn ìsìn. Gbogbo wa á pagbo yí fóònù náà ká lórí tábìlì. Bọ̀dá Lúwà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á ní ilé Ìyá Alájọ ti lọ. Á ní ṣọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ ti lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà á ya Òkè-Yanrìn bó ṣe máa ń yà á, á wá fi àtẹ́lẹsẹ̀ nu ibi tó ti lọ. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa lọ́dún náà, Ojú-Òkun ti tán lórí ilẹ̀ ọgbà wa. Òkun ti kan Ìdí-Àgbọn.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ líìfù lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ tó ń sọ fún màmá mi pé ọ̀gá òun ní àsìkò ìṣirò owó ìjọba la wà, kò sẹ́ni tó máa kúrò lórí àga. Màmá mi bi í pé kí ló sọ fún ọ̀gá náà pé òun fẹ́ lọ ṣe. Ó ní òun sọ pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Báwo ni òun ṣe fẹ́ dúró níwájú ọ̀gá tó wọ kóòtù, kí òun sọ pé òun fẹ́ lọ hú eegun bàbá òun? Mo mọ̀ ní báyìí pé ojú ń tì í. Ó jáde kúrò ní Òkè-Yanrìn láti kékeré lọ sílé ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé sùn, gbogbo ayé rẹ̀ ló sì ti fi ń rìn jìnnà sí òórùn ẹja. Síbẹ̀ kò sọ pé òun ò ní í lọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa ń sọ, Ìyá Àgbà á sì mi orí. Inú mi kì í dùn sí bàbá mi nígbà náà, ṣùgbọ́n ní báyìí tí èmi náà ti ní ọ̀gá, mo ti dárí jì í.

Bọ̀dá Lúwà pè ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí òjò ń rọ̀ lórí páànù débi pé a ní láti tẹ etí mọ́ fóònù. Ó ní omi ti ń dé ìdí àgbọn tó wà lórí ibojì Bàbá. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ ẹ dípò ọmọ yín. Ọmọ Bàbá lèmi náà."

Ìyá Àgbà gba fóònù náà lọ́wọ́ bàbá mi. Ó ní, "Ọmọ àbúrò rẹ̀ ni ẹ́. Bí ọwọ́ rẹ bá kọ́kọ́ kàn án, kò ní mọ ẹni tó ń pe òun. Dúró de àkọ́bí rẹ̀."

Màmá mi, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìdílé ọkọ rẹ̀, dá sí i lọ́jọ́ yẹn. Ó kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní Ìyá, bí ilé bá ń jó, a kì í bi ẹni tó gbé omi dání pé ọmọ ta ni. Ìyá Àgbà ní ọ̀rọ̀ ilé kọ́ ni èyí, ọ̀rọ̀ ọkọ òun ni, òkun kì í sì í hó ruru ká wà á ruru. Ó dá fóònù padà sórí tábìlì, ó lọ bu iyọ̀ sí ọbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn mọ́. Àgbà ló sọ̀rọ̀, àwa tó wà nínú ilé náà sì jẹ́ irú ẹni tí kì í já àgbà nírọ́. Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀, mi ò rí bí ọjọ́ náà ì bá ṣe lọ lọ́nà mìíràn.

Líìfù náà jáde lẹ́yìn náà. Ìyá Àgbà kò lè rìn jìnnà mọ́ nítorí eékún rẹ̀, ó wá sọ fún bàbá mi pé kó mú mi dání, nítorí pé èmi mọ ìlú náà, bàbá mi ò sì mọ̀ ọ́n. Bàbá mi wò mí bí ẹni wo àlejò. A wọ mọ́tò láti Àbújá, a gba Lọ́kọ́jà kọjá odò ńlá ibẹ̀, mo rò pé òun ni òkun, bàbá mi rẹ́rìn-ín fún ìgbà kan ṣoṣo ní gbogbo ìrìn àjò yẹn. Nígbà tí a dé èbúté tí ọ̀nà mọ́tò parí sí, Bọ̀dá Lúwà ń dúró dè wá nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi lórí pákó èbúté náà, ó ní ẹ kú ewu ọ̀nà, ó sì pẹ́ kó tó dìde. Mo rí i pé kò fẹ́ kí a rí ojú òun. Bàbá mi gbé ọkọ́ tuntun tó rà lọ́nà sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, a sì la ọ̀sà já.

Ẹ̀yìn-Ọ̀sà ni a kọ́kọ́ rí, àwọn ilé lórí òpó, bí Ìyá Àgbà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Mo ń fi ọwọ́ hàn bàbá mi pé ilé ẹní hihun rèé, ọ̀nà pákó rèé, bí a bá tọ̀ ọ́ a ó dé Ojú-Kànga. A tọ̀ ọ́. Ojú-Kànga ti di etí òkun. Wọ́n ti fi kọnkéré yí kànga àwọn baba ńlá náà ká nígbà kan rí, kọnkéré yẹn nìkan ló dúró nínú omi, tí ìgbì ń gba orí rẹ̀ kọjá, tí iyanrìn tó yí i ká ti lọ. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ àfi omi pípọ́n tó ń bú ramúramù àti kùkùté àgbọn díẹ̀ tó yọ orí. Bàbá mi bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé níbo ni Ìdí-Àgbọn. Mo fi ọwọ́ hàn án, ní ọ̀kánkán kànga, níbi tí ìgbì ti ń fọ́. Bọ̀dá Lúwà wá sọ̀rọ̀. Ó ní ọjọ́ tí òkun gbé e, òun wà níbẹ̀. Òun dúró létí ibojì náà pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, omi ń gbá òun lẹ́sẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni òun ì bá fi gbẹ́ ẹ, torí iyanrìn ibẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Wọ́n ní kí n dúró, mo bá dúró." Bàbá mi di orí ara rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n la igi mọ́. Mi ò tíì rí i kó sunkún rí, ẹ̀rù sì bà mí ju òkun lọ.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Òkun ti ń da eegun padà sí etíkun láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ará ìlú sì ti ń ṣa wọ́n jọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì tó kù, nínú àpò tí wọ́n fi ń kó edé, kò sẹ́ni tó mọ ti ẹni tí wọ́n jẹ́. Àwọn àgbà sọ fún bàbá mi pé kó mú èyí tó bá wù ú, kó sin ín, kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti gbé Bàbá sẹ́yìn. Àwọn mìíràn ti ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ò sì dá wọn lẹ́bi. Bàbá mi dúró ti àwọn àpò náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní rárá, òun ò lè pe ẹni tí òun ò mọ̀ ní bàbá. Ṣùgbọ́n ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò tíì sin wọ́n. Wọ́n ní kò sí àkọ́bí tó máa kanlẹ̀. Ló bá gbé ọkọ́ rẹ̀, ó jáde lọ sí Ẹ̀yìn-Ọ̀sà, ó kọ́kọ́ kanlẹ̀ fún gbogbo wọn. Àwọn obìnrin gbé agbada omi òjò kalẹ̀, wọ́n pè mí pé kí n wá bá wọn fọ̀ ọ́ nípò Ìyá Àgbà. Eegun náà fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ohun tí mo ń rò ni pé kí n má jù ú sílẹ̀.

Nígbà tí a padà dé Karmo, Ìyá Àgbà ti wọ aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó jókòó sí pálọ̀. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí láti orí ilẹ̀ tó wà, ó ní kí ó dárí ji òun, òun pẹ́. Mo rò pé Ìyá Àgbà yóò ké. Kò ké. Ó bi í bóyá Lúwà wà láàyè, bóyá ó ṣì ń jẹun dáadáa. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò gbàgbé.

"Dìde, ọmọ mi. Ìwọ kọ́ lo pẹ́. Lúwà fẹ́ gbé e, èmi ni mo ní kó dúró. Èmi ni mo fi ọkọ mi fún òkun."

Láti ọjọ́ yẹn kò ya nǹkankan sórí ilẹ̀ mọ́. Mo ń kó iyanrìn dànù bí mo bá ti gbálẹ̀ tán. Àwọn ènìyàn wá kí i, wọ́n ní àjò ò ní í dùn kí onílé má relé, yóò padà sílé. Ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a ń ṣa ìrẹsì lórí ẹní, ó pe bàbá àti màmá mi jókòó, ó ní bí òun bá kú, kí wọ́n sin òun sí Àbújá níbí, níbi tí ilẹ̀ ti le. Ó ní, "Ẹni tó bá sún mọ́ ọkọ́ jù ni kó kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni." Bàbá mi ní kí ó má sọ bẹ́ẹ̀, òun wà níbí, òun ò lọ síbì kankan. Òótọ́ ni, kò lọ. Bí ọyẹ́ ṣe dé tí ikọ́ gbé Ìyá Àgbà dè, bàbá mi ń tètè dé láti ibi iṣẹ́, ó ń fún un ní ẹ̀kọ mu, ó kọ ìrìn àjò tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ rán an torí kò fẹ́ kúrò nítòsí. Ọwọ́ rẹ̀ ni Ìyá Àgbà kú sí, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ bo gbogbo Karmo.

Bàbá mi ti fi ọkọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ẹ̀yìn-Ọ̀sà, ó yá ọkọ́ kan lọ́wọ́ onílé. Ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ tó gbé òkú, ó fi aṣọ wé e, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Ó sọ fún màmá mi pé ohun tí ìyá òun sọ kò ṣe nǹkan kan, òun wà nítòsí, òun ni òun máa kọ́kọ́ kanlẹ̀. Nígbà tí a dé ìtẹ́ òkú, wọ́n mú wa lọ sí ibojì kan ní ìlà tó gùn. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ kanlẹ̀ fún un. Wọ́n ti gbẹ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà, àti èyí tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ń dúró de ẹni tí kò tíì kú. Ọkùnrin tó gbẹ́ wọn jókòó lábẹ́ igi, ó ń mu omi, dígà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ le jù fún ọkọ́. Bàbá mi dúró pẹ̀lú ọkọ́ tí aṣọ wé lọ́wọ́. Ó lọ bá ọkùnrin náà, ó bi í pé ọjọ́ wo ló gbẹ́ ti ìyá òun. Ọkùnrin náà wo àwọn ihò náà, ó ní òun ò rántí. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eruku pupa yẹn, gbalaja, bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.